Ogun dáwọ́ dúró, owó dé, wọ́n ní ká dìbò láàárín oṣù 18: kí ló yẹ kó ṣáájú?

Akọ̀wé_Ètò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sídìí ètò kan lórílẹ̀-èdè tí ogun ti dáwọ́ dúró láìpẹ́. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, ẹ forí jì mí. Àdéhùn àlàáfíà ti wà nílẹ̀, ìjọba fìdíhẹ ti gorí àlééfà, àwọn ọmọ ogun UN sì ń dé díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó gbé owó kalẹ̀ fẹ́ kí ìlú dìbò láàárín oṣù 18. Wọ́n tún fẹ́ kí ìdajì owó ọdún àkọ́kọ́ ti tán kí oṣù mẹ́fà tó pé.

Àwọn ọ̀gá mi gbà pé ìbò ló máa fi àlàáfíà múlẹ̀. Àwọn ará ìlú ní tiwọn kì í bi mí léèrè ìbò rárá. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni ìgbà tí wọ́n máa san owó oṣù àwọn tíṣà, àti ìgbà tí àwọn ọmọ tó gbé ìbọn máa kúrò lójú títì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ká tètè dìbò, àbí ká sún un síwájú?

Ìbéèrè_Ò_Tán

Ẹ sún un síwájú jàre. Ẹ wo Àǹgólà.

Bàbá_Ìgbìmọ̀

Àbúrò, ẹni tó bá ní ká wo Àǹgólà, kó sọ ohun tó rí níbẹ̀ fún wa.

Àdéhùn àlàáfíà Bicesse, tí ìjọba Àǹgólà àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ fọwọ́ sí ní 1991, ló ní kí ìbò wáyé ní 1992. Àwọn ológun tí UN rán lọ láti máa ṣọ́ bí nǹkan ṣe ń lọ kò ju nǹkan bí 350 lọ, lórílẹ̀-èdè tó fẹ̀ ju Nàìjíríà lọ. Oṣù kẹsàn-án 1992 dé, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun lápá méjèèjì ò tíì kó ìbọn sílẹ̀, wọ́n sì dìbò bẹ́ẹ̀. Dos Santos, ààrẹ ìgbà náà, rí ìdá 49 àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, Savimbi, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀, rí nǹkan bí ìdá 40. Savimbi ní èrú ni, ó padà síbi tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wà, ogun bá tún bẹ̀rẹ̀. Kò parí títí wọ́n fi pa á ní oṣù kejì 2002.

Bẹ́ẹ̀, UN fúnra rẹ̀ sọ pé ìbò náà lọ dáadáa lápapọ̀. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ẹjọ́ ọjọ́ ìbò nìkan kọ́. Ẹni tó pàdánù ṣì ní ọmọ ogun nílẹ̀, àdéhùn náà ò sì sọ ohun tí ẹni tó bá pàdánù máa jẹ. Ká ní wọ́n sún un síwájú ọdún méjì, tí ohun méjèèjì yìí ò yí padà, ibì kan náà ló máa já sí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òfin

Bàbá, ẹ kú àlàyé. Àmọ́ Làìbéríà 1997 ò bá ohun tí ẹ sọ mu. Ibẹ̀ yẹn, ẹni tó lágbára ogun jù ló wọlé. Charles Taylor gba nǹkan bí ìdá 75, kò sí ẹni tó sá padà sígbó lọ́jọ́ kejì. Síbẹ̀ ogun míì bẹ̀rẹ̀ ní 1999. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dìbò fún un ló mọ irú ẹni tó jẹ́. Ohun tí wọ́n ń rò ni pé bí kò bá wọlé, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ló ń dìbò, kí la fẹ́ pe irú ìjọba bẹ́ẹ̀?

Bàbá_Ìgbìmọ̀

Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn. Ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ti Àǹgólà, ẹni tó pàdánù ló ni ín. Ti Làìbéríà, ẹni tó wọlé ló ni ín, ó sì sọ iléeṣẹ́ ológun di ti ara rẹ̀.

Ṣọ́jà_Fẹ̀yìntì

Ẹ kúùjókòó, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Mo wà ní Monrovia ní ìparí 2003, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìbọn.

Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní Accra ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn. Ìgbìmọ̀ Ààbò UN fàṣẹ sí ọmọ ogun 15,000 fún UNMIL, ikọ̀ UN ní Làìbéríà, àmọ́ ká fàṣẹ sí i yàtọ̀ sí kí wọ́n dé. Nígbà tí oṣù kejìlá pé, ọ̀pọ̀ wọn ò tíì dé, síbẹ̀ wọ́n ṣí ibùdó ìgba-ìbọn ní Camp Schieffelin, lẹ́yìn ìlú. Ó jọ pé àwọn tó wà lókè ń kánjú kí wọ́n rí nǹkan fi hàn.

Ètò náà ni pé ẹni tó bá kó ìbọn sílẹ̀ máa gba 300 dọ́là, ní ẹ̀ẹ̀mejì, 150 lẹ́ẹ̀kan. Kò sí èyí tí wọ́n máa fún un lọ́jọ́ tó dé. Ta ló ṣàlàyé ìyẹn fún àwọn ọmọ náà? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ya bò wá níbi tí a ti ń retí ìwọ̀nba. Kò sí àyè, kò sí oúnjẹ tó tó, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìgbà tí owó ń bọ̀. Wọ́n yí padà sí ìgboro, wọ́n ń yìnbọn, wọ́n ń kó ọjà ọlọ́jà. Ó kéré tán, èèyàn mẹ́sàn-án ló kú. UN wá gbà láti máa san 75 dọ́là lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kò pẹ́ tí wọ́n fi dá gbogbo rẹ̀ dúró. Oṣù kẹrin 2004 ni wọ́n tó tún un bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó tún wá ṣe mí ní kàyéfì ni òǹkà. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn jagunjagun máa tó 38,000. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 100,000. Ìbọn tí wọ́n gbà jẹ́ nǹkan bí 28,000. Ìdí ni pé ẹni tó bá mú ọta ìbọn 150 wá, wọ́n máa gbà á wọlé bí ẹni tó mú ìbọn wá. Àwọn ọ̀gá wọn bá ń pín ọta fún àbúrò, fún aládùúgbò, fún ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ìbọn mú, wọ́n sì ń gba tiwọn nínú owó náà. Àwọn tó jagun lóòótọ́ ń tò lẹ́yìn àwọn tí kò jagun.

Ìyá_Ètò

Ọ̀gá ṣọ́jà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ má fi gbogbo wọn ṣe ayédèrú. Nǹkan bí 22,000 nínú wọn jẹ́ obìnrin. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin yẹn ló ru ẹrù ogun, tó dáná fún ogun, tí wọ́n fipá mú. Àwọn míì yìnbọn pẹ̀lú. Bí ogun ṣe ń parí ni ọ̀gá wọn ń gba ìbọn lọ́wọ́ wọn fún ọkùnrin míì. Ká ní ìbọn nìkan ni wọ́n fi ń wọlé, ìta ni wọ́n ì bá wà. Wọ́n gba àwọn obìnrin àti ọmọdé wọlé láìmú ìbọn dání, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ wá lẹ́yìn náà. Ẹ kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ káfíńtà fún oṣù mẹ́fà, ẹ fún un ní àpótí irinṣẹ́, ẹ dá a padà sí abúlé tí ẹnikẹ́ni ò ní owó láti ra àga. Kí ló máa fi àpótí náà ṣe? Ó máa tà á. Owó gbígba ìbọn máa ń tètè dé nítorí pé ó dùn ún yà ní fọ́tò. Owó ohun tí wọ́n máa jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ni kì í pé.

Ṣọ́jà_Fẹ̀yìntì

Ìyá wa, mo gbà fún yín ní ti àwọn obìnrin. Àwọn ọ̀gá tó ń pín ọta ni mò ń bá wí.

Akápò

Owó ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ n dá sí i.

Akọ̀wé, ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni ti ìdajì owó tó gbọ́dọ̀ tán ní oṣù mẹ́fà. SIGAR, ọ́fíìsì tó ń yẹ owó Amẹ́ríkà wò ní Afghanistan nígbà náà, sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní 2018. Ohun tí wọ́n rí ni pé owó pọ̀ jù, ó yára jù, wọ́n sì kó o lọ síbi tí ogun ti le jù lọ ṣáájú. Ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn alágbára àdúgbò, ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó rí i gbà àti àwọn tí kò rí i, ìwọ̀nba àǹfààní tó mú wá kì í sì í pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun bá kúrò níbẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé owó tí o ná ni wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ rẹ, kò sí ẹni tó máa bi ọ́ bóyá o ná an ire.

Wá wo Mòsáḿbíìkì. Àdéhùn Róòmù ti oṣù kẹwàá 1992 ní kí ìbò wáyé láàárín ọdún kan. UN rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àǹgólà, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ ogun ò tíì wọ ibùdó. Wọ́n sún ìbò sí oṣù kẹwàá 1994. Ṣùgbọ́n wọn ò kàn jókòó dúró. Àwọn ọmọ ogun tó lé ní 90,000 ni wọ́n tú sílẹ̀, wọ́n sì ṣètò owó ọdún méjì fún olúkúlùkù. Wọn ò fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà o. Ẹni náà fúnra rẹ̀ ló máa sọ agbègbè tó fẹ́ lọ gbé, báńkì ibẹ̀ ni yóò ti máa gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń lọ sílé kó lè rí owó gbà, kò wá sídìí ọ̀gá rẹ̀ mọ́. Wọ́n tún dá àpò owó kan sílẹ̀ kí àwọn ọlọ̀tẹ̀ Renamo lè di ẹgbẹ́ òṣèlú, Ítálì ló dá èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn kan ní owó ẹ̀yìn ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìbò ku ọ̀la, Dhlakama, olórí Renamo, ní òun ò ṣe mọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó padà, wọ́n fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ ìbò. Ó pàdánù, kò sì padà sógun. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti wà ní báńkì.

Bàbá_Ìgbìmọ̀

Ó dùn létí, àmọ́ má fọ ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ jù. Renamo ò kó gbogbo ìbọn sílẹ̀. Ìjà tún bẹ̀rẹ̀ ní 2013, wọ́n tún fọwọ́ sí àdéhùn míì ní Maputo ní 2019, ọdún 2023 ni wọ́n sì ti ibùdó wọn tó gbẹ̀yìn pa. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn Róòmù.

Akápò

Òótọ́ ni, bàbá. Síbẹ̀, nǹkan bí ogún ọdún láìsí ogun kì í ṣe ohun kékeré. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún ìbò náà ti parí ilé ẹ̀kọ́.

Ìbéèrè_Ò_Tán

Ìráàkì ńkọ́? Oṣù karùn-ún 2003, Bremer, ẹni tí Amẹ́ríkà fi ṣàkóso ibẹ̀, buwọ́ lu ìwé kan ṣoṣo, iléeṣẹ́ ológun tú ká. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ọkùnrin tó mọ ìbọn lò lọ sílé láìní owó oṣù. Nígbà tí wọ́n máa gbà láti san nǹkan fún wọn ní oṣù tó tẹ̀ lé e, inú ti bí wọn.

Akápò

O ṣeun. Owó oṣù yẹn ni mo fẹ́ padà sí. Akọ̀wé, kí o tó ṣe ohunkóhun, béèrè ìwé owó oṣù ìjọba. Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yìí níbì kan tí ogun ti ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Wọ́n gbé ìwé àwọn tíṣà agbègbè kan wá, orúkọ kún ojú ewé méjìlá. Lójú ewé kẹrin ni mo rí i pé àmì ìtẹ̀ka ọ̀nà mẹ́jọ tó tẹ̀ lé ara wọn bára mu, àtàǹpàkò kan náà tí àpá gé e ní ìdábùú. Mo bi akọ̀wé ibẹ̀ léèrè. Ojú ò tì í. Ó ní ọ̀gá ọmọ ogun àdúgbò ló ń gbà á wá fún wọn, nítorí pé ọ̀nà ò dára. Bóyá tíṣà mẹ́jọ náà wà tàbí wọn ò sí, ẹni tó ń san owó fún wọn ni wọ́n mọ̀ ní ìjọba. Ìdìbò wo lo fẹ́ ṣe níbẹ̀ tí kò ní jẹ́ tirẹ̀?

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ GEMAP, ètò ìṣọ́wó ìjọba ní Làìbéríà. Ìjọba fìdíhẹ Gyude Bryant ń kówó jẹ. Ní 2005 wọ́n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi àwọn onímọ̀ ìṣúná láti òkè òkun sí iléeṣẹ́ ìṣúná, báńkì àgbà, èbúté àti pápákọ̀ òfuurufú. Wọn ò lè ná owó àyàfi tí àwọn yẹn bá buwọ́ lù ú pẹ̀lú.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òfin

Háà, ẹ̀gbọ́n Akápò! Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i: oṣù kẹsàn-án 2005. Ìbò wà ní oṣù kẹwàá. Ìjọba tí kò sẹ́ni tó dìbò yàn, tí ẹ̀yin fúnra yín ní ó ń kówó jẹ, ló buwọ́ lu ìwé tó máa de ìjọba tí ará ìlú fẹ́ yàn lóṣù kan lẹ́yìn náà. Kí wá ni ìbò náà wà fún? Ṣé kí a yan ààrẹ tó máa gba ìyọ̀ǹda kó tó ra epo sí ọkọ̀?

Akápò

Ellen Johnson Sirleaf wọlé, ó sì gba ètò náà. Ní 2010 wọ́n fagi lé gbèsè tó tó bílíọ̀nù 4.6 dọ́là. Ká ní owó ń jò bíi ti àtẹ̀yìnwá, ta ni ì bá dáhùn?

Akẹ́kọ̀ọ́_Òfin

Ó gbà á nítorí pé kò sí ọ̀nà míì. Ìyẹn ò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́.

Ìyá_Ètò

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. Kí n fi tèmi sí i: a kàn ń sọ ìbò bí ẹni pé ìbò ààrẹ nìkan ló wà. Ní Sierra Leone, wọ́n dìbò ààrẹ ní 2002, wọ́n wá dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní 2004. Láti 1972 ni wọ́n ti tú àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ká. Gbogbo nǹkan ló wá dọwọ́ Freetown, ó sì wà lára ohun tó bí àwọn ọ̀dọ́ ìgbèríko nínú. Ní Bosnia, àdéhùn àlàáfíà Dayton ní kí wọ́n dìbò láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Wọ́n ṣe ti orílẹ̀-èdè ní oṣù kẹsàn-án 1996, àwọn ẹgbẹ́ tó kó wọn wọ ogun náà ló sì wọlé. Àmọ́ wọ́n sún ti ìbílẹ̀ sí 1997, nítorí wọ́n ti ń fi orúkọ àwọn èèyàn sí ìlú tí wọn kì í gbé kí wọ́n lè gba ìlú náà pátápátá. Akọ̀wé, ẹ lè sún ọ̀kan kí ẹ fi ìkejì sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ tàbí òfo.

Akọ̀wé_Ètò

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí: mo bi wọ́n léèrè ní ọ́fíìsì, wọn ò ní yí oṣù 18 padà. Àwọn olówó ti sọ ọ́ ní gbangba nílé aṣòfin wọn. Kí ni mo lè ṣe láàárín rẹ̀?

Bàbá_Ìgbìmọ̀

Tí ọjọ́ ò bá yẹ̀, kọ ohun tó gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé sínú ìwé, kí gbogbo wọn buwọ́ lù ú: iye àwọn tó ti wọ ibùdó, ẹni tó ń san owó oṣù ọlọ́pàá, ohun tí ẹni tó bá pàdánù máa ní. Tí oṣù méjìlá bá pé tí wọn ò tíì ṣe é, ìwọ kọ́ lo máa sún ìbò, ìwé tí wọ́n buwọ́ lù ni yóò sún un.

Kí o sì bèèrè ìgbà tí UN fẹ́ lọ. Timor-Leste gba òmìnira ní oṣù karùn-ún 2002, àwọn ọmọ ogun UN kúrò ní 2005. Ní 2006 ìjọba lé àwọn ọmọ ogun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600 tí wọ́n fẹ̀hónú hàn pé wọ́n ń rẹ́ àwọn ará ìwọ̀ oòrùn jẹ. Rògbòdìyàn dé, nǹkan bí 150,000 èèyàn sá kúrò nílé, UN sì padà dé kí ọdún náà tó parí. Ìbò ibẹ̀ dára. Iléeṣẹ́ ológun ni wọn ò parí.

Ìbéèrè_Ò_Tán

Bàbá, ìgbà wo ni wọ́n máa ń parí iléeṣẹ́ ológun gan-an?

Bàbá_Ìgbìmọ̀

Bi ọ̀gá ṣọ́jà.

Ṣọ́jà_Fẹ̀yìntì

Kì í parí, ọmọ mi. Ti Làìbéríà, wọ́n tú u ká pátápátá, wọ́n fi nǹkan bí 2,000 bẹ̀rẹ̀ tuntun, wọ́n ń yẹ ìwà ẹnì kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó gbà á. UNMIL sì wà níbẹ̀ títí di oṣù kẹta 2018.

Akọ̀wé, ìbéèrè kan ni mo ní fún ọ. Gbogbo yín ń dárúkọ àwọn ọ̀gá pátápátá àti àwọn ọmọdé tó gbé ìbọn. Àwọn tó wà láàárín ńkọ́, àwọn tó ń darí ọgọ́rùn-ún tàbí igba ọmọ? Oko rọ́bà Guthrie ní Làìbéríà, títí di 2006 ni àwọn ọmọ ogun ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ LURD àná ṣì fi gbà á, wọ́n ń kọ rọ́bà, wọ́n ń tà á, ọ̀gá kan náà ń pín owó fún wọn. Wọ́n ti gba ìbọn wọn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ogun náà wà digbí. Mélòó ni irú wọn níbi tó o wà?

Akọ̀wé_Ètò

Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n lé ní ogójì tí a mọ̀. Àwọn kan ń gba owó bodè lójú ọ̀nà, àwọn kan wà nídìí kùsà góòlù.

Ṣọ́jà_Fẹ̀yìntì

Ṣé nǹkan kan wà nínú àdéhùn fún wọn? Iṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì, ohunkóhun?

Akọ̀wé_Ètò

Rárá sà. Àwọn ọ̀gá pátápátá gba ipò mínísítà, àwọn ọmọ gba ètò ìkọ́ṣẹ́. Àwọn yẹn ò sí nínú ìwé kankan.

Akápò

Ibẹ̀ ni kí o kó owó oṣù mẹ́fà rẹ lọ. Kì í ṣe owó ọwọ́ o! Wá ohun tí o lè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ rẹ̀, bí i ti Mòsáḿbíìkì, ní agbègbè tó jìnnà sí kùsà yẹn, kí o sì fi ọlọ́pàá tó ń gba owó oṣù rẹ̀ déédéé sí ojú ọ̀nà tí wọ́n bá kúrò. Fi ìwé ètò ìṣúná rẹ ránṣẹ́ sí mi kí n wo ibi tí a ti lè rí àyè nínú rẹ̀.

Ìyá_Ètò

Kí o sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn ìyàwó wọn ibi tí wọ́n fẹ́ gbé kí o tó yan agbègbè fún wọn.